Ibi Tó Ṣófo Lórí Rédíò

Ẹ sún mọ́ ọkọ̀ yìí, ẹ̀yin ará abúlé wa. Ẹni tó bá rí àyè lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó jókòó síbẹ̀. Ẹ̀ńjìnnì abẹ́ rẹ̀ kò ní gbóná mọ́ láyé. Ẹ̀yin ọmọge tó wà lẹ́yìn, ẹ bá mi pa fóònù yín. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kò fẹ́ kí ohùn mìíràn wà nítòsí, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ kí n tó dákẹ́.

Èmi ni Ọdẹ́níran. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí mo gbé ìwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wálé láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi fọwọ́ kan ọ̀kan. Mi ò sọ ọ́ láti fọ́nnu. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ọkùnrin tó fẹ́ sọ fún yín lónìí pé ẹ̀rù ba òun kì í ṣe ojo. Ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, èyí tí à ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ni mo ti kọ́ ìwé kíkà nígbà tí mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Tíṣà wa kọ́ wa pé ká máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí wa sílẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀. Nítorí náà, tí mo bá sọ pé ọjọ́ méje, ọjọ́ méje ni. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi yọ ọ̀kan kúrò.

Ẹ wo rédíò inú ọkọ̀ náà. Ihò mẹ́sàn-án ló wà lójú rẹ̀. Ìbọn ló lu ú, èmi ni mo sì yin ìbọn ọ̀hún.

Tinúọlá ni orúkọ ìyàwó mi. Ẹní ló ń hun. Ọdún mọ́kànlélógójì la fi gbé pọ̀, a kò sì bímọ. Ẹ mọ bí àwọn obìnrin ilé wa ti ń ṣe: wọn kì í pe ọkọ wọn lórúkọ. Bí ọmọ bá wà, wọ́n á fi orúkọ ọmọ pe bàbá rẹ̀. Ọmọ kò sí ní tiwa, nítorí náà Tinúọlá kò ní ohun kankan tó lè fi pè mí. "Ẹ gbọ́ ná," ni á wí. Bí mo bá jìnnà, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí àlejò bá béèrè mi, á ní, "Wọn ò sí nílé."

Ọmọ àbúrò mi tó ń gbé nígboro ló fún un ní ẹ̀rọ orin kékeré kan tí kò gùn ju ìka méjì lọ, tó ní ojú kan tí nọ́ńbà máa ń hàn nínú rẹ̀. Tinúọlá á ki wáyà rẹ̀ bọ etí, á sì máa hun ẹní. Ẹ̀rọ náà lè gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ikọ́ dá a dùbúlẹ̀ ní oṣù ọyẹ́, ó fi í lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ gbọ́ ná," ó ní. "Mo sọ ọ̀rọ̀ kan sínú rẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ gbọ́ ọ."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ fún mi báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. "Ojú yín ń tì mí," ó ní.

Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógójì! Ní ọjọ́ kẹta, ó kú.

Ogójì ọjọ́ gbáko ni n kò lè fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Ọjọ́ tí mo wá ṣe ọkàn akin, eku ti jẹ wáyà etí rẹ̀, ṣóńṣó wáyà náà sì ti kán sínú ihò. Ẹ̀rọ ọ̀hún kò ní ẹnu tirẹ̀. Láìsí wáyà, odi ni.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Gàníyù, ẹni tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá ọdẹ, ihò etí rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n ihò ìdí rẹ̀ ṣì dára. Ṣé rédíò ọkọ̀ yín ń ṣiṣẹ́?"

"Òun ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú ọkọ̀ náà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú ohun kékeré kan jáde tí orí rẹ̀ dà bí orí ọ̀pọ̀lọ́. "Alátagbà nìyí. Ẹ ki orí rẹ̀ bọ ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá nínú ọkọ̀, ẹ ki ìrù rẹ̀ bọ ìdí ẹ̀rọ orin. Yóò di ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré. Ẹ wá nọ́ńbà kan lórí rédíò yín tó ṣófo, tí ẹnì kankan ò ti sọ̀rọ̀, kí ẹ wá fi alátagbà sí nọ́ńbà yẹn gan-an. Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ á máa ti inú rédíò jáde."

"Ṣé ó parí síbẹ̀?"

"Ó ku ẹyọ kan, Bàbá. Bátìrì inú ẹ̀rọ yìí ti wú. Tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúpẹ́. Mi ò rò pé á ṣe é lẹ́ẹ̀mejì."

Mo padà sílé, mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ń yí rédíò. Níbi kan, oníwàásù. Níbi kejì, ẹni tó ń polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Níbi kẹta, àwọn tó ń bá ara wọn jà lórí bọ́ọ̀lù. Àlàfo kékeré kan ni mo rí láàárín oníwàásù àti alágbo. Mo tẹ ẹ̀rọ náà. Ikọ́ kan jáde. Kí ikọ́ kejì tó tẹ̀ lé e, aládùúgbò mi, Ìyá Ṣẹ́gilọlá, ti pariwo láti ilé ìdáná rẹ̀.

"Bàbá ọdẹ! Ẹ gbà mí o! Mo gbọ́ ikọ́ Tinúọlá nínú rédíò mi!"

Mo pa ẹ̀rọ náà wéré. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ohun tí alátagbà bá sọ, gbogbo rédíò tó bá wà nítòsí ló ń gbọ́ ọ. Ìyàwó mi sì ní èmi nìkan. Ibi tí rédíò ti ṣófo, tí kò sì sí rédíò ẹlòmíràn, ibi kan ṣoṣo ni mo mọ̀: Igbó Adákẹ́rọ́rọ́. Baba mi wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí ó fi kú. Mo fi ìbọn sí ẹ̀yìn ọkọ̀, mo di iṣu sísun méjì, mo lọ.

Kí ènìyàn tó dé igbó náà, ó gbọ́dọ̀ la Ìlú Gbóhùnyá kọjá. Àwọn ará ibẹ̀ kò ní ohùn tiwọn. Etí wọn tóbi bí abẹ̀bẹ̀, òun sì ni wọ́n fi ń mú ohùn rédíò tó bá ń kọjá lójú ọ̀run. Ohun tí wọ́n bá mú ni wọ́n á fi sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá sì ti sọ ọ́ tán, ó ti lọ nìyẹn. Wọ́n á tún gbé etí sókè láti mú òmíràn.

Wọ́n mú mi dé iwájú ọba wọn. Ọba dìde, ó la ẹnu, ó ní, "Ẹ̀yin olólùfẹ́ wa, ẹ káàárọ̀ o! Ọṣẹ tó ń fọ aṣọ tó ń hó yèè ló gbé ètò yìí wá sí etígbọ̀ọ́ yín!"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, mo kàn ń kọjá lọ ni."

"A rọ gbogbo awakọ̀ pé kí wọ́n gba ọ̀nà mìíràn," ni ọba dáhùn. Ìjòyè kan kígbe lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ó mú un! Ó mú un o! Aṣọ́lé ti mú un!" Mo mọ̀ pé wọ́n ti mú mi nìyẹn.

Ọba wá sún mọ́ mi, ó sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ikọ́ Tinúọlá ni. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi gbọ́ ikọ́ yẹn, n kò lè ṣì í mọ̀. Afẹ́fẹ́ ti gbé e láti àgbàlá mi dé ọ̀dọ̀ wọn, ọba sì ti fi í pamọ́ dè mí.

Akọ̀wé ọba mú tákàdá, ó kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ síbẹ̀, èmi náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà mi nínú ọkàn mi. Ohun tó kọ nìyí: "Gbogbo ohùn tí rédíò ń gbé wá fún wa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ní ìlú yìí. Ọkọ kò lè bá aya rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ inú yàrá; ìpolówó ọṣẹ ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ikọ́ tí a mú ti jẹ́ kí a mọ̀ pé o ní ohùn obìnrin kan tó ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Gbé e fún wa."

Àánú wọn ṣe mí. Mo gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ "Rárá" sí ìsàlẹ̀. Akọ̀wé ka á, ó wo ojú mi, ó ní, "Òjò líle yóò rọ̀ ní agbègbè wa ní ọ̀sán òní."

Wọ́n tì mí mọ́ ilé aṣọ́bodè tó wà ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú, èmi àti ọkọ̀ mi, títí n ó fi yí ọkàn padà. Ọjọ́ méje. Hóró àgbàdo gbígbẹ mọ́kànlélógún lóòjọ́, omi agolo kan. Mo ka àgbàdo náà ní àràárọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ogún ni.

Aṣọ́bodè náà, bàbá arúgbó kan, ni ẹnì kan ṣoṣo tí mo ní níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọjú sí igbó, ohùn kankan kì í sì ti igbó wá. Ó mú mi lọ́wọ́, ó fi ìlà mẹ́sàn-án tó fi èédú fà sára ògiri hàn mí: ọdún mẹ́sàn-án tí kò tíì rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Mo bu iṣu sísun mi sí méjì, mo fún un ní ìdajì. Kò sí epo. A jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀, èmi nítorí pé n kò ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ, òun nítorí pé kò ní ohun tí yóò fi sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí Tinúọlá ti kú, ìyẹn ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tí mo bá ẹlòmíràn jẹ.

Ní ọjọ́ keje, ìdíje bọ́ọ̀lù ńlá kan gba ojú ọ̀run kọjá. Gbogbo ìlú gbé etí sókè, ọba, ìjòyè àti ẹ̀ṣọ́, gbogbo wọn sì ń kígbe góòlù. Bàbá aṣọ́bodè dìde, ó ṣí ẹnu ọ̀nà fún mi. Ó fi ọwọ́ kan etí rẹ̀, ó wá na ọwọ́ náà sí igbó. N kò mọ ohun tó ń wí. Mo juwọ́ sí i, mo wa ọkọ̀ mi jáde kíákíá.

Ní ẹnu Igbó Adákẹ́rọ́rọ́, iwin kan jókòó sí àárín ọ̀nà. Wáyà irin méje ló hù lórí rẹ̀ dípò irun. Ó ní bí mo bá fẹ́ kọjá, àfi kí a jọ jìjàkadì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń rò pé arúgbó ni mí, ẹ gbọ́: a bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn yọ, ọjọ́ kejì ni mo tó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀! Eyín mi méjì ló bá ìjà náà lọ. Ti apá òsì ni. Ẹ wò ó.

Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ọdẹ, kí ló wà nínú ọkọ̀ rẹ tí kò wúwo tó ìyẹ́, tí apá rẹ kò sì ká a?"

"Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi tí n kò tíì gbọ́."

"Nígbà tó wà láyé, kí ló ń pè ọ́?"

"Kò ní orúkọ tó ń pè mí."

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí wáyà orí rẹ̀ fi ń dún. "Kọjá. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, jẹ́ kó sọ ọ́ tán."

Mo wọ inú igbó náà lọ́sàn-án gangan. Ẹyẹ kò ké, ewé kò mì. Mo yí rédíò láti òpin kan dé òpin kejì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju híhó fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni pé ìrẹsì ń dà sínú àwo. Ibi gbogbo ló ṣófo. Mo yan mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, mo fi alátagbà sí i pẹ̀lú. Híhó náà dáwọ́ dúró. Mo gbé ìbọn lé itan, nítorí ọdẹ kì í jókòó sínú igbó lọ́wọ́ òfo. Mo tẹ ẹ̀rọ náà.

Ẹ dúró kí n sọ òfin wa fún yín. Bí ohùn bá pe ọdẹ lórúkọ nínú igbó, kò gbọ́dọ̀ dáhùn títí a ó fi pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni agbára iwin mọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ti ènìyàn. Àádọ́ta ọdún ni mo fi pa òfin yẹn mọ́.

Rédíò wúkọ́. Lẹ́yìn náà, ohùn Tinúọlá ní, "Ọdẹ́níran."

Obìnrin tí kò pe orúkọ mi fún ọdún mọ́kànlélógójì! Ẹnu rẹ̀ kò mọ ọ̀nà orúkọ yẹn. Mo ronú pé iwin ti wọ ibi tó ṣófo náà ṣáájú mi, ó sì ti gbé ohùn ìyàwó mi wọ̀ bí ẹ̀wù. Rédíò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé ó ń retí èsì.

"Ọdẹ́níran."

Ẹ̀rù bà mí. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: ẹ̀rù ba Ọdẹ́níran. Mo yin rédíò náà níbọn.

Nígbà tí èéfín lọ tán, mo wo ilẹ̀. Alátagbà ṣì wà nínú ihò rẹ̀, iná pupa rẹ̀ ń tàn. Ẹ̀rọ kékeré náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà ń sáré lójú rẹ̀. Mo fẹ́ pa á, kí n lè pa ìyókù mọ́, ṣùgbọ́n bọ́tìnì rẹ̀ kò gbọ́ ọwọ́ mi mọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ìyàwó mi ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú mi, kò sì sí ẹnu tí ohùn rẹ̀ yóò gbà jáde. Mo gbé etí lé e, kò sí nǹkan kan. Mo jókòó, mo ń wo nọ́ńbà. Ó dé ìṣẹ́jú kan. Ó dé méjì. Ó dé mẹ́ta. Ní ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá, ó dúró. Bátìrì tó wú náà là, ojú ẹ̀rọ sì ṣú.

Àádọ́ta ọdún ni mo fi ń dúró de ìpè kẹta lẹ́nu iwin. Ti ìyàwó mi ni n kò lè dúró dè.

N kò sunkún. Mo yí ọkọ̀ padà. Ọ̀nà tí mo gbà wá kò sí mọ́, ọjọ́ méjì ni mo fi wá òmíràn, oúnjẹ kò sì kan ẹnu mi. Bí mo ti jáde ní etí igbó, mo rí bàbá aṣọ́bodè ní ìdúró lójú ọ̀nà. Ó ti ti ẹnu ọ̀nà ìlú mọ́ àwọn ará rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ètè rẹ̀ sì ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ méjì, kò jẹ, kò mu, kí ohun tó wà níbẹ̀ má baà bọ́.

Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tó fi ọwọ́ wí fún mi lọ́jọ́ tí mo lọ. Ó ní òun á máa gbọ́. Alátagbà ti sọ ọ̀rọ̀ Tinúọlá sí igbó, kò sì sí rédíò kankan tó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n etí kan wà tó kọjú sí igbó láti ọdún mẹ́sàn-án.

"Bàbá," mo ní, "ẹ má sọ ọ́. Bí ẹ bá sọ ọ́, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ ti pẹ́ jù nínú ìdákẹ́. Ẹ fi í ṣe ohùn yín."

Ó mi orí. Ó fà mí jókòó sórí òkúta, ó jókòó tì mí, orúnkún rẹ̀ kan tèmi. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó wúkọ́.

"Ọdẹ́níran," ni Tinúọlá wí.

Mo dákẹ́.

"Ọdẹ́níran."

Mo di òkúta náà mú.

"Ọdẹ́níran."

"Èmi nìyí," ni mo dáhùn.

Ó rẹ́rìn-ín kékeré, ẹ̀rín tó máa ń rín bí mo bá wọ bàtà sódì. "Ẹ má bínú sí mi. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ sígbẹ́ ni mo fi ń dá a wò. Mo máa ń pè é sínú ẹní tí mo ń hun. Orúkọ yín dùn lẹ́nu. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan kí n tó lọ. Kò sí nǹkan mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é, kí ẹ má baà rò pé iwin ni." Ó tún wúkọ́. "Ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín díẹ̀."

Kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Ohun tó kù ní ẹnu bàbá náà ni ìró koríko ẹní tí ọwọ́ ń fà, tí ó ń tò, tí ó tún ń fà. A jókòó, a ń gbọ́ ọ, títí ó fi tán.

Bàbá la ẹnu, ó tún la ẹnu, nǹkan kan kò jáde. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó dìde, ó wọ ilé rẹ̀, ó mú èédú, ó nu ìlà mẹ́sàn-án kúrò lára ògiri, ó sì fa ẹyọ kan láti bẹ̀rẹ̀ kíkà lákọ̀tun.

Ibi tí ọkọ̀ yìí wà báyìí ni ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ kú sí ní ọjọ́ tí mo dé. Gàníyù ní òun á bá mi fi rédíò mìíràn sí i. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Àwọn kan nínú yín ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé Bàbá ọdẹ máa ń jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tó kọjú sí igbó, tó ń sọ pé, "Èmi nìyí." Ẹ ní mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Rárá o. Nínú igbó yẹn, lẹ́yìn tí ìbọn dún, ó pè mí lẹ́ẹ̀kẹta. Ìpè yẹn ni mò ń dáhùn.

Ó tó báyìí. Ẹ máa lọ sílé. Bí wọ́n bá pè yín níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pè yín lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹni tó bá lọ kẹ́yìn bá mi rọra ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà. Mo ṣì fẹ́ jókòó díẹ̀.